Àwọn Prótéènì Tó Ń Ba Ara Wọn Jẹ́ Nínú Ọpọlọ Ẹni Tó Ní Parkinson

Ẹni tó bá jẹ́ pé òní ló kọ́kọ́ bá wa pàdé, nọ́ọ̀sì ni mí, ọ̀rọ̀ ìlera la máa ń sọ níbí, ní Yorùbá tí ẹ lè lò bá Dádì àti Mọ́mì yín sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá pàdé ọ̀rọ̀ tí kò yé yín, ẹ dá fídíò dúró, ẹ bi àgbà kan.

Inú ilé tèmi ni ọ̀rọ̀ tòní ti wá. Ó lé ní ọdún mẹ́fà tí dókítà ti sọ pé àìsàn Parkinson ló ń ṣe bàbá mi. Ọwọ́ ọ̀tún wọn máa ń gbọ̀n, ẹsẹ̀ wọn ti wúwo, ohùn wọn ti lọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n orí wọn pé. Wọ́n ṣì máa ń bá mi jiyàn lórí bọ́ọ̀lù. Ní oṣù Kejìlá tó kọjá, ní aago méjì òru, màmá mi pè mí: "Dádì yín ń bá àwọn ọmọdé kan sọ̀rọ̀ ní pálọ̀ o." Kò sí ọmọdé kankan nínú ilé náà. Àwọn méjèèjì nìkan ló ń gbé ibẹ̀.

Kí ilẹ̀ tó mọ́, ọ̀rọ̀ ti dé orí WhatsApp ẹbí. Àbúrò bàbá mi kan ní Ìbàdàn ní ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ojú lásán. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní oògùn ni, kí Dádì dá gbogbo oògùn dúró lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹnì kan ní ọjọ́ ogbó ni, kí a fi wọ́n sílẹ̀. Èmi tí mo jẹ́ nọ́ọ̀sì nínú wọn, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ní kí n ṣàlàyé, mo rí i pé èdè Òyìnbó nìkan ni mo fi mọ̀ ọ́n. Ojú tì mí díẹ̀. Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ dókítà, gbólóhùn kan ni mo mú kúrò níbẹ̀: ó ṣeé ṣe kó má jẹ́ prótéènì kan ṣoṣo ló ń bàjẹ́ nínú ọpọlọ bàbá yín, wọ́n lè pọ̀ ju ẹyọ kan lọ, kí wọ́n sì máa ran ara wọn lọ́wọ́ láti bàjẹ́. Gbólóhùn yẹn ni mo fẹ́ tú fún yín lónìí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ oúnjẹ kúrò nílẹ̀, torí mo mọ ìbéèrè tó ń bọ̀. Kì í ṣe ẹ̀wà àti ẹran inú àwo yín ni mo ń sọ. Ara wa fúnra rẹ̀ ló ń ṣe àwọn prótéènì yìí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún oríṣi, nínú sẹ́ẹ̀lì wa. Òṣìṣẹ́ ni wọ́n. Àwọn kan ń gbé ẹrù, àwọn kan ń kọ́lé, àwọn kan ń kó ìdọ̀tí. Mọ́ínmọ́ín kò fa Parkinson o. Òótọ́ ni pé oúnjẹ tí prótéènì pọ̀ nínú rẹ̀ lè dí oògùn levodopa lọ́wọ́ láti ṣiṣẹ́ dáadáa, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ nìyẹn.

Òṣìṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ kàn jù lọ nínú Parkinson ń jẹ́ alpha-synuclein. Orúkọ náà gùn. Synuclein la ó máa pè é, torí bí mo bá ń pè é ní Alpha lásán, àwọn kan á rò pé àwọn Àáfà ni mò ń bá wí.

Synuclein pọ̀ gan-an nínú ọpọlọ, àgàgà ní etí ibi tí sẹ́ẹ̀lì kan ti ń ránṣẹ́ sí èkejì. Níbẹ̀, sẹ́ẹ̀lì máa ń kó kẹ́míkà tó fi ń ránṣẹ́, bíi dopamine, sínú àwọn àpò kéékèèké, synuclein sì wà lára àwọn tó ń bójú tó àpò wọ̀nyẹn. Ohun tó yani lẹ́nu nípa rẹ̀ ni pé kò ní ìrísí kan pàtó. Ẹ wo gèlè tí ẹnikẹ́ni kò tíì wé, tó wà gbọọrọ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ìgbà tó bá dé orí ló tó di nǹkan. Synuclein náà nìyẹn: bó bá kan ara àpò kékeré yẹn, á wé mọ́ ọn, bó bá kúrò níbẹ̀, á tún tú. Ìyẹn ló jẹ́ kó wúlò. Ìyẹn náà ló sì jẹ́ kó léwu, torí aṣọ tó lè gba ìrísí tó bá rí, ó lè gba èyí tí kò dáa.

Nígbà míì, ọ̀kan nínú wọn á ká sí ara rẹ̀ lódìlódì. Ìrísí òdì yìí máa ń le, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ irú ara rẹ̀. Synuclein mìíràn tó ń kọjá lọ jẹ́ẹ́jẹ́ á fara kan án, á lẹ̀ mọ́ ọn, òun náà á sì ká bíi tirẹ̀. Àwọn àgbà ní àgùntàn tó bá bá ajá rìn á jẹ ìgbẹ́. Bí ọ̀kan ṣe ń di méjì nìyẹn, tí méjì ń di ẹgbẹ̀rún, tí wọ́n á tò mọ́ ara wọn bí okùn tẹ́ẹ́rẹ́, tí okùn á wá di kókó nínú sẹ́ẹ̀lì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ro àmàlà rí mọ kókó dáadáa. Bó bá ti dì, ẹ fi omi gbígbóná sí i títí, kò ní tú.

Kókó yìí, ó ti pẹ́ tí àwọn dókítà ti rí i. James Parkinson, dókítà tó ń gbé ní Hoxton, ní London níbí, ló kọ ìwé nípa àìsàn náà ní 1817. Èèyàn mẹ́fà péré ló fi ṣe é, òpópónà ló sì ti rí àwọn kan nínú wọn. Ohun kan tó kọ ni pé àìsàn náà kì í fọwọ́ kan làákàyè. Níbẹ̀ ni ọ̀gá ti ṣì í, ọ̀pọ̀ èèyàn sì ṣì gbà á gbọ́ títí dòní, èyí ló jẹ́ kó máa ya ẹbí lẹ́nu nígbà tí Dádì bá bẹ̀rẹ̀ sí í rí ohun tí kò sí. Ní 1912, Friedrich Lewy, ará Jámánì, rí àwọn kókó náà nínú ọpọlọ àwọn tó kú, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè wọ́n ní Lewy body. Ṣùgbọ́n kí ló wà nínú kókó? Ó di 1997 kí wọ́n tó mọ̀. Lọ́dún yẹn, wọ́n rí àṣìṣe nínú jíìnì tó ń ṣe synuclein, láàárín àwọn ẹbí kan láti Ítálì àti Gíríìsì tí Parkinson ń ṣe láti ìran dé ìran. Lọ́dún yẹn kan náà, Maria Grazia Spillantini, Michel Goedert àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi hàn pé synuclein ló kún inú Lewy body. Ọdún márùndínláàádọ́rùn-ún láàárín rírí kókó àti mímọ ohun tí wọ́n fi ṣe é!

Ìtàn kan wà tí mi ò lè gbàgbé láti ìgbà tí mo wà ní yunifásítì. Ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn dókítà kan ní Sweden àti Amẹ́ríkà gbìyànjú láti fi sẹ́ẹ̀lì tuntun láti inú oyún sínú ọpọlọ àwọn tó ní Parkinson, kó lè máa bá wọn ṣe dopamine. Nígbà tí díẹ̀ lára àwọn aláìsàn náà kú, lẹ́yìn ọdún mọ́kànlá sí mẹ́rìndínlógún, wọ́n yẹ ọpọlọ wọn wò, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2008. Lewy body ti wà nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì tuntun náà. Sẹ́ẹ̀lì tí kò tíì pé ogún ọdún, ó ti ní àìsàn àgbàlagbà. Ọ̀dọ̀ àwọn aládùúgbò rẹ̀ ló jọ pé ó ti kó o. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ ti gbà pé synuclein òdì lè ti inú sẹ́ẹ̀lì kan bọ́ sínú òmíràn. Inú ọpọlọ kan náà ni mo sọ o. Parkinson kì í ràn láti ara ẹnì kan sí ẹlòmíì. Ẹ bá Dádì yín jẹun nínú àwo kan náà, ẹ dì mọ́ wọn, kò sí nǹkan tó máa ṣe yín.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ dókítà wa ti wọlé, torí synuclein kì í ba irú ara rẹ̀ nìkan jẹ́.

Prótéènì méjì mìíràn wà tí ẹ ti lè gbọ́ orúkọ wọn nínú ọ̀rọ̀ Alzheimer, àìsàn tó máa ń jẹ́ kí iyè ra. Ọ̀kan ń jẹ́ tau. Sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ gùn, ó sì ní ojú irin tó fi ń kó ẹrù láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì; tau dà bí pákó tó wà lábẹ́ irin yẹn, tó ń jẹ́ kó dúró ṣinṣin. Bí tau bá bàjẹ́, á jáwọ́ nínú irin, á lọ lọ́ mọ́ ara rẹ̀ bí òwú tó ta kókó nínú sẹ́ẹ̀lì. Èkejì ń jẹ́ amyloid beta. Èérún tí wọ́n gé kúrò lára prótéènì ńlá kan ni, ìta sẹ́ẹ̀lì ló sì máa ń dì sí. Fún ìgbà pípẹ́, bí a ṣe ń kọ́ wa ni pé: tau àti amyloid, Alzheimer, synuclein, Parkinson. Kálukú ní ilé tirẹ̀.

Ọpọlọ kò ka ìwé yẹn. Ní 2003, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Pennsylvania, ní Philadelphia, da tau àti synuclein pọ̀ nínú ìgò ní yàrá ìwádìí. Tau nìkan, bí kò bá rí olùrànlọ́wọ́, kì í fẹ́ dì. Ṣùgbọ́n nígbà tí synuclein wà pẹ̀lú rẹ̀, tau bẹ̀rẹ̀ sí í dì, synuclein náà sì túbọ̀ ń yára dì. Olúkúlùkù ń ti èkejì sínú kòtò. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ní 2013, àwọn ará ibẹ̀ náà tún rí nǹkan mìíràn. Wọ́n ní oríṣi synuclein òdì méjì tí wọ́n ṣe ní yàrá ìwádìí. Ohun tí wọ́n fi ṣe méjèèjì kò yàtọ̀, bí wọ́n ṣe ká nìkan ló yàtọ̀. Ọ̀kan kò fi bẹ́ẹ̀ da tau láàmú. Èkejì, ńṣe ló ń ba tau jẹ́ lọ rẹpẹtẹ.

Ẹ padà sórí gèlè. Aṣọ òkè kan náà, bí màmá mi bá wé e, ọ̀tọ̀ ni. Bí èmi bá wé e, ẹ á mọ̀ pé mi ò lè wé gèlè. Ọ̀nà tí synuclein gbà wé ló ń sọ ẹni tó máa bà jẹ́. Kì í sì í ṣe inú ìgò nìkan ni èyí ti hàn. Àìsàn mìíràn wà tó ń jẹ́ multiple system atrophy, tó máa ń jọ Parkinson níbẹ̀rẹ̀ àmọ́ tó máa ń yára gbé èèyàn dè jù ú lọ. Synuclein kan náà ni. Nígbà tí wọ́n fi ẹ̀rọ awòye tó lágbára gan-an wo okùn synuclein láti inú ọpọlọ àwọn tó ní àìsàn méjèèjì, ìká wọn kò bára mu rárá.

Jíìnì náà jẹ́rìí sí i. Ní 2009, nígbà tí wọ́n yẹ jíìnì ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn wò ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, ibi méjì tó yọjú jù lọ nínú ewu Parkinson ni jíìnì tó ń ṣe synuclein àti jíìnì tó ń ṣe tau. Kí ni tau ń wá nínú Parkinson, bí kò bá ní ọwọ́ nínú ọ̀ràn náà?

Nínú ara èèyàn ńkọ́? Àwọn tó ń yẹ ọpọlọ òkú wò ti rí i léraléra pé ọ̀pọ̀ àwọn tí Parkinson wọn di ti ìgbàgbé ní Lewy body, wọ́n sì tún ní tau àti amyloid. Bí àwọn méjì ìkẹyìn yẹn bá ṣe pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni àkókò tó wà láàárín ọwọ́ gbígbọ̀n àti iyè ríra ṣe máa ń kúrú tó. Mi ò fẹ́ kí ẹ ṣì mí gbọ́ o. Synuclein nìkan, bó bá ti dé àwọn apá ọpọlọ tó wà fún ìríran àti èrò, ó tó láti jẹ́ kí èèyàn máa rí ọmọdé, ajá tàbí ológbò tí kò sí níbẹ̀. Irú ohun tí wọ́n sábà máa ń rí nìyẹn gan-an. Nígbà tí mo sọ fún àbúrò bàbá mi pé dókítà bi wá bóyá ọmọdé tàbí ẹranko ni Dádì ń rí kí a tó ṣàlàyé ohunkóhun, wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀ lórí fóònù. Wọ́n ní, "Ṣé dókítà Òyìnbó náà mọ̀ ọ́n ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ó wà nínú ìwé.

Apá kan wà nínú ọ̀rọ̀ yìí tó kan àwa gan-an. Sẹ́ẹ̀lì ní ibi tó ń da ìdọ̀tí sí, níbi tí wọ́n ti ń tú prótéènì tó gbó palẹ̀. Àwọn ẹ́ńsáìmù tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, prótéènì ni àwọn náà. Ọ̀kan nínú wọn, jíìnì tó ń jẹ́ GBA1 ló ń ṣe é. Bí ẹ́ńsáìmù yìí bá dín kù, ọ̀rá kan á kún ibi ìdalẹ̀sí, synuclein á sì bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ jọ. Synuclein tó pọ̀ jọ náà á tún dí ẹ́ńsáìmù lọ́nà, kò ní jẹ́ kó dé ibi iṣẹ́. Agbálẹ̀ kò rí ọ̀nà dé ibi ìdọ̀tí torí ìdọ̀tí ti dí ọ̀nà. Ẹni tó bá mọ Èkó dáadáa, kò yẹ kí n tún ṣàlàyé ìyẹn fún un.

Ní 2023, ẹgbẹ́ onímọ̀ kan tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Njideka Okubadejo ti Yunifásítì Èkó wà lára àwọn aṣáájú rẹ̀, gbé ìwádìí kan jáde nínú Lancet Neurology. Wọ́n yẹ jíìnì àwọn tó ní ìran Áfíríkà wò, tó fi mọ́ ọ̀pọ̀ aláìsàn ní Nàìjíríà, wọ́n sì rí ìyàtọ̀ kan nínú GBA1 tí ẹnikẹ́ni kò rí tẹ́lẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ Áfíríkà nìkan ló ní i. Ẹni tó bá jogún ẹ̀dà kan, ewu Parkinson rẹ̀ fi nǹkan bí ìdajì lé sí i. Ẹni tó bá jogún ẹ̀dà méjì, láti ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá, ewu rẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́ta àbọ̀. Kì í ṣe ìdájọ́ o, ọ̀pọ̀ àwọn tó ní i ni Parkinson kò ní ṣe láéláé. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: àṣìṣe GBA1 tí wọ́n mọ̀ láàárín àwọn ará Yúróòpù, ẹ́ńsáìmù fúnra rẹ̀ ló ń yí padà. Tiwa yàtọ̀, bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń ka ìlànà jíìnì náà ló ń dà rú, kò sì ní ṣe ẹ́ńsáìmù tó pọ̀ tó. Àwọn tó ń wá irú ti Yúróòpù nìkan kò lè rí i. Gbogbo ọdún tí wọ́n fi ń ṣe ìwádìí láìpè wá, ó wà níbẹ̀. Inú bí mi nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, mi ò ní parọ́ fún yín. Lẹ́yìn náà inú mi dùn pé Èkó wà nínú àwọn tó rí i.

Ìwà ajá àti àgùntàn yẹn ti bí ohun rere kan. Àyẹ̀wò kan wà báyìí tí wọ́n ti ń mú díẹ̀ nínú omi tó yí ọ̀pá ẹ̀yìn ká, tí wọ́n á da synuclein tó dáa sí i, tí wọ́n á sì máa wò. Bí synuclein òdì bá wà níbẹ̀, kódà bíńtín, á bẹ̀rẹ̀ sí í ba ìyókù jẹ́, wọ́n á sì rí i. Nínú ìwádìí kan ní 2023 tí èèyàn 1,123 kópa nínú rẹ̀, ó rí i lára nǹkan bí 88 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ní Parkinson.

Ìwòsàn ni kò tíì dé ibẹ̀. Oògùn méjì, prasinezumab àti cinpanemab, tí wọ́n ṣe láti máa gbá synuclein mú, kò ṣe ohun tí wọ́n retí nínú ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní 2022. Èrò tèmi ni pé mímú ọ̀daràn kan ṣoṣo nígbà tí àwọn mẹ́ta jọ ń jalè kò lè tó, àti pé ó ti pẹ́ jù kí àwọn aláìsàn tó débi oògùn. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì ni mí, kì í ṣe èmi ni mo ń ṣe oògùn.

Kí la wá ṣe nílé wa? Lákọ̀ọ́kọ́, a kò dá oògùn dúró. Ẹ̀gbọ́n mi kò jẹ̀bi tán, oògùn Parkinson lè dá kún rírí ohun tí kò sí lóòótọ́, ṣùgbọ́n dókítà ló ń dín in kù díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá já a dúró lójijì lè mú ara le gbagidi pẹ̀lú ibà tó lè pa á. Ìkejì, wọ́n yẹ ìtọ̀ Dádì wò, torí bí nǹkan bá yí padà lójijì báyẹn, àkóràn inú ìtọ̀, àìmu omi tó, tàbí àìrí ìgbẹ́ yà lè wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìkẹta, èyí ni mo fẹ́ kí ẹ kọ sílẹ̀: bí wọ́n bá gbé èèyàn yín tó ní Parkinson lọ sí ilé ìwòsàn, tí ara rẹ̀ kò balẹ̀, ẹ sọ fún wọn kíákíá pé Parkinson ló ní, kí wọ́n má fún un ní haloperidol. Oògùn yẹn ń dí dopamine tó ti ṣẹ́ kù díẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bí èébì bá ń gbé e, kí wọ́n má fún un ní metoclopramide náà. Mo ti rí àṣìṣe yẹn rí lẹ́nu iṣẹ́, mi ò ní sọ ibi tó ti ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n bàbá náà kò lè dìde fún ọjọ́ mélòó kan.

Wọ́n fún Dádì ní rivastigmine, èyí tí wọ́n máa ń lò fún ìgbàgbé tó bá Parkinson rìn. Ó ti ràn wọ́n lọ́wọ́ díẹ̀. Àbúrò wọn ní Ìbàdàn ṣì ń gbàdúrà, a sì ní kí wọ́n má dáwọ́ dúró. Ọjọ́ Àìkú tó kọjá, mo bi Dádì bóyá àwọn ọmọ náà ṣì ń wá. Wọ́n ní méjì péré ló wá lọ́sẹ̀ yẹn, wọ́n sì mọ̀ pé kò sí wọn níbẹ̀. Màmá mi láti kíṣìnì ní, "Ó kúkú dáa, ìrẹsì ò bá má kárí."

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, a ó sọ̀rọ̀ nípa aago oògùn levodopa àti bí ẹ ṣe máa ya oúnjẹ sọ́tọ̀ fún un. Ó dìgbà o.